Kíláàsì ìtàn kúkúrú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ṣé owó mi jóná?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì ìtàn kúkúrú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtilọ sírú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn àti ibi tó kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ohun tó dùn ún jù láyé, la bá da ẹkún bolẹ̀. Èmi kọ bí ìgbéyàwó mi ṣe tú ká. Kò sẹ́ni tó kà á tán. Èmi gan-an ò kà á tán.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni owó mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Olùkọ́ ní dókítà ni Chekhov, òǹkọ̀wé ìtàn kúkúrú ará Rọ́ṣíà, pé kò fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ nígbà tó ń kọ ìtàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i pé bí ẹni ń yẹ aláìsàn wò ló ṣe ń wo àwọn èèyàn inú ìtàn rẹ̀: kì í bá wọn sunkún, kì í sì í bá wọn ṣẹjọ́. Olùkọ́ tún mẹ́nu ba Katherine Mansfield, òǹkọ̀wé ará New Zealand, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1915, tó wá padà sí New Zealand ìgbà èwe wọn nínú ìtàn.

Ó wá fún wa níṣẹ́: ẹ mú ohun kan tẹ́ ẹ ṣe ní kékeré, ẹ má sọ bó ṣe rí lára yín, ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe ni kẹ́ ẹ sọ. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà wa tí kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan mo kàn án níbẹ̀ pé ẹnì kan ti kú. Mo ṣẹ́ ìwé náà po, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá ń ka ìkíni tẹ́nikẹ́ni ò kọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ojú ìwé méjì ni mo rí lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀kan lo kà.”

Nínú ìtàn mi, ọmọ náà ti di àgbàlagbà tó ń pín lẹ́tà kiri. Gbogbo ẹ̀ ni mo yí padà, àfi àtàǹpàkò yẹn.

Ibi tó kan nìyí: àwa méjìlélógún nínú kíláàsì kan ti pọ̀ jù. Èsì ìtàn ìkẹyìn mi fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́, ìlà mẹ́ta péré sì ni. Fídíò ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ṣe lohùn ń já.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá ń ta ọ̀sẹ̀ kẹta lọ́tọ̀, màá tún un rà.