Ápù tí mo fi wo eré àwọn obìnrin ní Tokyo: àtúnwò wọn dáa, bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n bà jẹ́

Tìtorí eré sísá 800m àti 1500m àwọn obìnrin nìkan ni mo ṣe sanwó ápù yìí, ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Tokyo lóṣù kẹsàn-án 2025, kò sóhun míì tí mo wá débẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Àwòrán ẹ̀ mọ́ gan-an o, kì í há, ohùn ò sì ń ṣáájú àwòrán. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà àṣekágbá 1500m, inú ṣì ń bí mi dòní. Faith Kipyegon wà níwájú, àwọn tó kù ń lé e, wọn ò tíì lu agogo ìyípo ìkẹyìn, ni wọ́n bá gbé kámẹ́rà kúrò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fò sókè. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e padà, àlàfo ti là, mi ò sì mọ ibi tó ti là! Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn ń wò nínú 1500m? Ṣebí ìgbà tẹ́nì kan bá fi kún eré ẹ̀ lójijì ni, tí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ní láti pinnu lẹ́sẹ̀ kan náà bóyá òun á tẹ̀ lé e àbí òun á ṣọ́ agbára lò. Ìyẹn gan-an ni wọ́n gbà lójú mi. Mo rí àkókò Kipyegon, 3:52.15, mo rí góòlù ìkẹrin ẹ̀ ní 1500m àgbáyé (ó ti gba ti 2017, 2022 àti 2023), Dorcus Ewoi gba fàdákà, Jessica Hull gba idẹ, èmi wá jókòó bí ẹni tí wọ́n já òkèlè gbà lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà ń ṣi orúkọ pè. Moraa méjì ló wà nínú àṣekágbá 800m, Mary àti Sarah, ọmọ Kenya làwọn méjèèjì, kò sígbà tí wọn ò fi tọ̀hún pe tibí.

Ibi àtúnwò ni mo ti dárí jì wọ́n díẹ̀. Wọ́n gbé gbogbo eré síbẹ̀ láìgé, kámẹ́rà kan láti òkè, kò sẹ́ni tó ń pariwo, o sì lè fi ìka fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wo 800m yẹn. Mary Moraa ló fà wọ́n lọ, Keely Hodgkinson ò jìnnà sí i, Lilian Odira ń bọ̀ lẹ́yìn wọn jẹ́jẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n yọ sójú ọ̀nà tó gún tó gbẹ̀yìn, èjìká àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ga, apá wọn ń gan, ti Odira ṣì rọ̀, ló bá kọjá wọn. 1:54.62! Láti 1983 ní Helsinki ni 1:54.68 Jarmila Kratochvílová ti jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ìdíje yìí, ọdún méjìlélógójì gbáko, ìyá ọlọ́mọ méjì ló wá já a. Orí mi wú, mi ò purọ́.

Ẹ fà á síwájú díẹ̀ sí i, ẹ máa rí Georgia Hunter Bell tó na àyà sórí ìlà òpin láti gba ipò kejì, 1:54.90, Hodgkinson 1:54.91. Àyà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí tàbí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ò bá fà á díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká lè yan kámẹ́rà òkè yẹn nígbà téré bá ń lọ lọ́wọ́, ṣebí wọ́n ní in. Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Ẹni tó bá lè mú sùúrù dìgbà tí àtúnwò máa jáde, kó sanwó, owó ẹ̀ ò ní ṣòfò. Ẹni tó fẹ́ wò ó bó ṣe ń lọ, kó ṣì dúró ná.