Sáìtì ìwé àwọn tíṣà tí ilé-ìwé wa sanwó ọdún kan fún: ohun tí ojú mi rí

Ìbínú ló jẹ́ kí n sọ pé mo máa kọ eléyìí, àmọ́ ẹ kà á dópin, torí ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà yọ kò jọ ibi tó gbà wọlé.

Sáìtì náà ni èyí tí wọ́n ń polówó kiri gbogbo gúrúùpù wásáàpù àwọn tíṣà, tí wọ́n ní lẹ́sìn nóòtì, wọ́ọ̀kíṣíìtì, ìwé ìtàn ọmọdé, ìbéèrè ìdánwò, gbogbo ẹ̀ wà lójú kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mi ò sì ní máa ka iye nǹkan tó wà nínú ẹ̀ fún yín, ẹ ti rí ìyẹn nínú ìpolówó. Bó ṣe rí tá a bá gbé e kalẹ̀ níwájú ọmọ, nílé-ìwé tí iná ti lè lọ nígbàkígbà, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ilé-ìwé aládàáni la wà, n'Íbàdàn. Èmi ni mò ń tọ́jú láíbìrì, èmi náà ni mò ń kọ́ Primary 3 ní Yorùbá. Owó ọdún kan tá a san fún sáìtì yìí ju owó oṣù tíṣà kan lọ lọ́dọ̀ wa, àwa tíṣà la sì kóra jọ lọ bá Màmá tó ni ilé-ìwé pé kí wọ́n bá wa san án, wọ́n san án láìjanpata. Torí náà tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ìtìjú ń bọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn bréèkì, Primary 3 ló ni láíbìrì. Mo ti yan ìwé kan sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìtàn ẹranko, àwòrán inú ẹ̀ tóbi, irú èyí tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá máa rí lára ògiri. Wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti so pùròjẹ́kítọ̀, àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ti dákẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọ́ Primary 3 rí mọ iyì tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ṣí sáìtì, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá ní fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń lo àkáǹtì wa ti pọ̀ jù. Méjì péré ni wọ́n gbà láàyè. Ilé-ìwé o! Àkáǹtì tí wọ́n fúnra wọn kọ "ilé-ìwé" sí, tí wọ́n gba owó ilé-ìwé lé lórí, méjì. Tíṣà kọ̀ǹpútà ti wọlé lórí lapitọ́ọ̀pù wọn, hẹ́dímásítà ti wọlé lórí fóònù wọn, ó parí nìyẹn. Wọn ò sọ ọ́ fún wa ká tó sanwó, mo ti padà lọ wá gbogbo mẹ́séèjì tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí níbẹ̀.

Mo rán ọmọ kan sí tíṣà kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n bá mi jáde kúrò lórí ẹ̀. Wọ́n jáde. Sáìtì tún ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà tá a fi forúkọ sílẹ̀, nọ́ḿbà Màmá, Màmá sì wà lọ́nà Èkó. Mo pè wọ́n, kò lọ. Mo tún pè, kò lọ. Ìgbà tó máa lọ, tí wọ́n ka kóòdù náà fún mi, tí mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àsìkò ẹ̀ ti kọjá, kí n béèrè òmíì. Epo ń jó. Ọmọ kan tó jókòó níwájú ní, "Àǹtí, ṣé ìwé yẹn ò tíì dé láti ibi tó ti ń bọ̀ ni?" Mo dìde, mo lọ fa ìwé kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya yọ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, mo kà á fún wọn títí aago fi lù.

Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà kíà o. Orí wásáàpù ni mo kọ́kọ́ lọ, rọ́bọ́ọ̀tì ló dáhùn, ó ní kí n tẹ 1 tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, kí n tẹ 2 tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ 2, ó ní kí n lọ ka àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi wọ́n. Mo kà á tán, tèmi ò sí níbẹ̀. Mo tẹ 2 padà, ibẹ̀ náà ló tún mú mi lọ. Mo wá pe fóònù. Orin ń kọ, wọ́n ń sọ fún mi pé mo ṣe pàtàkì sí wọn, owó káàdì mi ń lọ, orin ṣì ń kọ. Obìnrin kan gbé e níkẹyìn, ohùn ẹ̀ tutù, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú ma, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ma."

Mo ní, "Àǹtí mi, ta ni wọ́n wá ṣe é fún?"

"Ẹ má bínú ma. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ju méjì lọ, ẹ lè sanwó kún un ma, kẹ́ ẹ bọ́ sórí èyí tó tóbi."

"Ilé-ìwé la fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ilé-ìwé síbẹ̀."

"Mo gbọ́ yín ma. Ẹ kú sùúrù ma."

Kò yájú sí mi rárá, ìyẹn ló tiẹ̀ mú kó le, torí ẹni tó bá yájú síni, èèyàn lè bá a jà, ẹni tó ń kíni ní ma lọ́tùn-ún lósì tí kò sì ṣe nǹkan kan, kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún un? Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá ẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun wà ní mítíìnì. Mo ní màá dúró. Fóònù já.

Kí n má ṣojúsàájú, wọ́ọ̀kíṣíìtì ìṣirò wọn dáa, ó dáa gan-an ni. Wọ́n tẹ̀ lé kọ́ríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí ilé-ìwé ń kọ́, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, náírà ni wọ́n fi ń ṣírò, ọjà àti mọ́tò tí ọmọ mọ̀ ló wà nínú ìbéèrè wọn, ìdáhùn wà lẹ́yìn, kò sì sí àṣìṣe nínú èyí tá a ti lò. Tíṣà ìṣirò wa, tí wọn kì í yin nǹkan, ní láti ìgbà tá a ti sanwó yẹn àwọn ò sùn lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ mọ́ torí àtikọ ìbéèrè. Ìyẹn nìkan tó owó tá a san lójú wọn.

Àmọ́ ẹ má bi mí nípa ti Yorùbá. Lẹ́sìn nóòtì tí mo daunlódù, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ àti ọ tó ní àmì ohùn lórí wà, àpótí kéékèèké ló wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Lẹ́tà ẹ lásán ní kóòdù tiẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀, àmọ́ ẹ tó ní àmì lórí kò ní kóòdù kan ṣoṣo tó dá dúró, lẹ́tà á kọ́kọ́ wà, àmì á wá gùn ún, tí fọ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe ìwé náà ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, á fọ́ sí àpótí. Ó ṣeé tún ṣe. Ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá ì bá wò ó lẹ́ẹ̀kan kó tó jáde, kò sẹ́ni tó wò ó. Níbòmíì ẹ̀wẹ̀, wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò pátá, títí kan ẹ̀kọ́ tó dá lórí àmì ohùn fúnra ẹ̀, kí ni kí ọmọ fi kọ́ ọ? Ó dùn mí dé egungun. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà yẹn nílé-ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo nǹkan yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ìwé tí wọ́n lò. Wọn ò sì ní kọ̀ǹpútà nígbà yẹn o.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn lálẹ́, pẹ̀lú fọ́tò àwọn àpótí yẹn, mi ò retí ìdáhùn.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni fóònù mi dún. Ọmọkùnrin kan ni. "Ẹ káalẹ́ mummy. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Èmi ni mò ń mójú tó ẹ̀rọ níbí, ẹ má bínú pé ó pẹ́." Mo ti gbé ohùn sókè láti jà, ló bá ní, "Mummy, kọ̀ǹpútà mélòó lẹ ní ní láíbìrì? Ìgbà wo ni iná máa ń wà lọ́dọ̀ yín? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń mú?" Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ń tajà fún wa, kò sẹ́ni tó bi wá ní ìkankan nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ohùn mi wálẹ̀. Ó ṣí àkáǹtì wa fún gbogbo tíṣà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò gba kọ́bọ̀, ó yí nọ́ḿbà kóòdù kúrò lórí ti Màmá sórí tèmi lẹ́yìn tó pe Màmá kó tó ṣe é. Ó wá ní, "Mummy, pẹ̀lú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe rí yìí, ẹ má gbára lé wa nìkan o. Ṣé ẹ ti gbọ́ Kiwix rí?"

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀fẹ́ ni. Láti 2007 ló ti wà, àwọn ará Switzerland ló ń bójú tó o, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni pé kí èèyàn ka Wikipedia àtàwọn sáìtì míì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Èèyàn á daunlódù fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní ZIM lẹ́ẹ̀kan, á ṣí i nínú Kiwix, ó tán. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lódindi pẹ̀lú àwòrán ju 100 GB lọ, ìyẹn pọ̀ fún wa, àmọ́ ó fi àwọn kéékèèké hàn mí, èyí tí wọ́n pín sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àtèyí tí kò ní àwòrán, Wikipedia Yorùbá náà wà níbẹ̀, kò sì wúwo rárá. Ó dúró tì mí lórí fóònù títí lapitọ́ọ̀pù láíbìrì fi di sáfà, tí àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tó kù fi ń kà á láti ara ẹ̀ lórí wáífáì láìná dátà. Ó tún sọ ti Kolibri fún mi, iṣẹ́ àwọn Learning Equality, èyí tí tíṣà fi lè to ẹ̀kọ́ àti ìdánráńwò fún kíláàsì láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti PhET tí Carl Wieman tó gba Nobel nínú físíìsì dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002. Ti PhET yẹn ni àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ò fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́, ọmọ á so wáyà mọ́ bátìrì lójú kọ̀ǹpútà, gílóòbù á tàn, ilé-ìwé tí kò ní lábú á ṣe bẹ́ẹ̀ rí i.

Paríparí ẹ̀, ó ní kí n lọ wo African Storybook. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láíbìrì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀. Saide, àjọ kan ní Johannesburg, ló gbé e kalẹ̀ ní 2014. Ìwé ìtàn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́, ẹ lè daunlódù ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ túmọ̀ ẹ̀, kódà ẹ lè kọ tiyín síbẹ̀. Èyí tá a tẹ̀ jáde, a fi sítépílà dè é, mo fún wọn ní nọ́ḿbà láíbìrì, wọ́n wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù bí ìwé yòókù, àwọn ọmọ ń yá wọn lọ sílé fún ìyá àgbà wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìtàn ẹranko yẹn. Òun gan-an, èyí tí mo yan fún Primary 3, èyí tí wọ́n tì mọ́ mi lójú. Àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀fẹ́ ni látìbẹ̀rẹ̀! Lórí African Storybook, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yàwòrán ẹ̀ wà lójú ewé. Lórí sáìtì tá a sanwó fún, wọ́n ti pa orúkọ méjèèjì rẹ́, wọ́n fi àmì tiwọn sí i. CC BY ni ìwé-àṣẹ ìtàn yẹn, kò ní kí ẹnikẹ́ni má tà á, ohun tó béèrè ò ju pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo rí i. Láíbìrì ni mo ń ṣe, àwa la máa ń kọ́ ọmọ pé kó ka orúkọ òǹkọ̀wé kó tó ṣí ojú ewé kìíní.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi." Mo fi ránṣẹ́. Kí táàmù tó parí, orúkọ méjèèjì ti padà sí ìwé yẹn, wọ́n sì fi líǹkì ibi tí wọ́n ti mú un sí ìsàlẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni mo rí i dájú pé wọ́n tún ṣe, mo ṣì ń yẹ àwọn tó kù wò, màá sì máa fi ránṣẹ́ sí wọn.

Màmá bi mí bóyá kí àwọn tún san ti ọdún tó ń bọ̀, mo ní kí wọ́n san án, torí ìṣirò yẹn, àti torí pé ibi tí ọmọ bíi ti ọmọkùnrin yẹn bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó sunwọ̀n sí i. Àmọ́ ìwé ìtàn wa, ọ̀fẹ́ la ti máa mú un. Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ẹ̀ka Yorùbá ṣe, tí wọ́n mú òfin ẹ̀rọ méjì yẹn kúrò fún gbogbo ilé-ìwé, kì í ṣe tiwa nìkan, màá fún wọn ní ìkarùn-ún.