Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Góòlùfíìṣì: Ẹ Má Gba Irọ́ Àwọn Tó Ń Ta Abọ́ Dígí Kékeré

Mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí gbogbo ẹni tó fẹ́ máa sin ẹja góòlùfíìṣì nílé, pàápàá ẹni tó fẹ́ ra ẹja àti ilé rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà. Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń ta abọ́ dígí róbótó kékeré mọ́ ẹja kan tàbí méjì, tí wọ́n sì ń fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ pé kò sí ohun mìíràn tí ẹja náà nílò. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá ẹja náà kò ní dàgbà ju abọ́ lọ, èsì wọn ni pé bí ilé rẹ̀ bá ṣe tóbi mọ ni òun náà yóò ṣe dàgbà mọ. Gbájúẹ̀ ni.

Ọmọ ẹja ni ẹja tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 lọ tí wọ́n ń tà fún yín. Èyí tí ara rẹ̀ gùn, tí ìrù rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Èyí tí ikùn rẹ̀ yọ róbótó, tí ìrù rẹ̀ sì pín sí méjì, sábà máa ń tó 15 sí 20. Ẹja tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 15, àwọn mìíràn a sì kọjá 20. Kódà, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tish, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọdún 43 kó tó kú ní 1999.

Lóòótọ́, ẹja inú abọ́ kékeré kì í sábà tóbi, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló ń dá a dúró. Bí góòlùfíìṣì ti ń mí ló ń tú amóníà sínú omi, májèlé sì ni amóníà fún un. Níbi tí omi bá ti pọ̀, tí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi sì wà, àwọn bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú kànrìnkàn ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Nínú abọ́ lítà 5, kò sí ẹ̀rọ, omi kò tó, ẹnu abọ́ sì há débi pé ọ́síjìn díẹ̀ ló ń ráyè wọ inú omi. Ẹja yóò máa la ẹnu lójú omi títí yóò fi kú. Nígbà tí ẹ bá padà lọ fẹjọ́ sùn, oníṣòwò yóò ní oúnjẹ ni ẹ fún un jù, yóò sì ta òmíràn fún yín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ikú ẹja ti di ara èrè wọn. Láti 2005 ni ìlú Róòmù ní Ítálì ti fòfin de fífi góòlùfíìṣì sínú irú abọ́ róbótó bẹ́ẹ̀.

Fún ẹja oníkùn róbótó kan, ẹ wá táńkì dígí tí a ń sin ẹja sí, tó gba lítà 75 ó kéré tán, kí ẹ sì fi nǹkan bíi lítà 40 kún un fún ẹja kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Èyí tó gùn nílò lítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, adágún ìta gbangba ló sì yẹ ẹ́ jù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹja ti ń dàgbà, ẹ mọ̀ pé táńkì mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ tà fún yín dípò ẹyọ kan.

Ẹ má sì gba iye lítà tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ láìwọ̀n ọn. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga inú táńkì, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Táńkì tó jẹ́ 60, 30 àti 36 kò lè gbà ju lítà 65 lọ, ohun yòówù kí wọ́n pè é, òkúta ìsàlẹ̀ yóò sì tún dín in kù. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń rà á, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, nítorí àwòrán lè mú kí ohun kékeré dà bí ńlá.

Ẹni tó bá ti ra abọ́ náà kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tó bá rówó táńkì. Kí ó gbé ẹja náà sínú ike ńlá mímọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀, kí ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí ó sì máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi tí a ti yọ klórínì, ìyẹn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ, kúrò nínú rẹ̀.