Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Japan: máàkì 3 nínú 5 ni mo fún iṣẹ́ yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí ṣáá nípa iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Japan, ó yá o. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tèmi torí wọ́n ṣì ń sanwó fún mi, àmọ́ ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní eikaiwa, ìyẹn iléèwé àdáni tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀ka wọn máa ń wà nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọ̀sán la máa ń wọlé, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ká tó jáde, torí ìgbà táwọn èèyàn bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ni wọ́n tó ń ráyè wá. Sátidé ńkọ́? Iṣẹ́ ni, ẹ gbàgbé òde àríyá.

Iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ò burú. Ìyá àgbà kan wà ní kíláàsì mi tí kò fẹ́ gírámà kankan, ó kàn ń wá ẹni tó máa bá tàkúrọ̀sọ ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń tánni lókun, ẹ máa kọrin, ẹ máa fò sókè, tòun ti táì lọ́rùn! Èyí tó ń bí mi nínú ni pé tí kíláàsì bá parí wọ́n á tún ní kí n lọ rọ akẹ́kọ̀ọ́ kó ra ìwé tuntun, ṣé tíṣà ni mí àbí ọlọ́jà?

Owó tó wọ́pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò ju bíi 250,000 yen lóṣù lọ, ó ń gbọ́ bùkátà ẹnì kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí wákàtí 29.5 lọ́sẹ̀ nínú àdéhùn, ẹ yáa béèrè ọ̀rọ̀ shakai hoken, ìyẹn owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, torí àwọn iléeṣẹ́ kan ti fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ yẹra fún sísan án rí.

Ilé tí wọ́n bá fún yín ńkọ́? Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Nova ló tóbi jù nínú àwọn eikaiwa nígbà tó wó lulẹ̀ ní October 2007, tíṣà òkèèrè tó wà lọ́dọ̀ wọn tó bíi 4,000, owó oṣù ò wọlé, wọ́n sì ti ń yọ owó ilé àwọn kan láìsan án fún onílé, ni onílé bá ní kí wọ́n kó jáde. Èmi ti gba ilé tara mi, reikin tí wọ́n ń fún onílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn yẹn dùn mí wọra o, owó tí kò ní padà!

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ mú dìgírì yín dání, kẹ́ ẹ sì gba lẹ́tà ní iléèwé pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín, torí wọ́n sábà máa ń béèrè ẹ̀. Tí ìpolówó bá ní "native speaker" nìkan làwọn fẹ́, ẹ ṣì fi ránṣẹ́ sí wọn jàre.