Ìrìn alẹ́ lẹ́yìn bàbá ọdẹ ní Ìsẹ̀-Èkìtì: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má pọ̀ lọ

Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé ìrìn alẹ́ tí bàbá ọdẹ kan ní Ìsẹ̀-Èkìtì ń mú èèyàn rìn láti wo ẹranko òru tó owó tí wọ́n ń gbà. Mo ní ó tó, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

₦5,000 ni wọ́n gbà lórí àgbà, ₦2,500 lórí ọmọdé. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 la jọ lọ. A wọkọ̀ l'Ádó, a gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, oòrùn ti ń wọ̀ ká tó dé Ìsẹ̀. Kì í ṣe inú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, gan-an la wọ̀ o, oko kòkó bàbá fúnra wọn ni, òun àti igbó ọba ló jọ pààlà, igbó tí ìnàkí ṣì wà nínú ẹ̀ títí dòní.

Kí n tètè sọ èyí tó dùn mí kí n lè bọ́ síbi tó dùn. Ẹni tó ń gbowó sọ fún mi lórí fóònù pé èèyàn mẹ́fà làwọn ń kó lẹ́ẹ̀kan, a débẹ̀ a bá èèyàn mẹ́rìnlá, àwọn kan ń ya fọ́tò, iná fóònù ń kọ mànà lójú gbogbo wa, ẹranko wo ló máa dúró de irú ẹ̀? Wákàtí kan gbáko ló lọ síbẹ̀ kí bàbá tó pín wa sí méjì, tí ọmọ wọn sì kó apá kan lọ. Bọ́ọ̀tù òjò tí wọ́n yá mi náà, ẹsẹ̀ òsì ti lu.

Àmọ́ bàbá yẹn ṣá! Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ti ń ṣe láti kékeré, wọ́n ti gbé ìbọn sílẹ̀ báyìí. Ìdí igi obì kan la kọ́kọ́ dúró sí, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ṣóńṣó ẹ̀ka, wọ́n ní kí la rí. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan àfi ọmọ mi. Alágẹmọ ni, ó ti sùn lọ fọnfọn, ara ẹ̀ ti ṣì bí ewé tó gbẹ, ìrù ẹ̀ ká róbótó. A sún mọ́ ọn débi pé mò ń rí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ó fi gbá ẹ̀ka mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Mo bi bàbá pé kí ló dé tí kò sùn síbi tí igi ti nípọn. Wọ́n ní ibi tó tínínrín yẹn gan-an ni ààbò ẹ̀, tí ejò bá ń bọ̀, ẹ̀ka á mì, òun á jí, á jábọ́ sínú koríko. Látìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń gbọ́ alágẹmọ nínú òwe, n ò mọ ìyẹn rí. Wọ́n tún ní kì í ṣe ibi tó wà nìkan ló ń mú un pa àwọ̀ dà, bínú bá ń bí i, bí òtútù bá mú un, àwọ̀ ẹ̀ á yí. Ojú ẹ̀ kan lè máa wo iwájú kí èkejì máa wo ẹ̀yìn, kò ní í yí orí kiri rárá, torí ẹranko tó ń rìn jẹ́jẹ́ tó báyẹn, bó bá ń mira púpọ̀, ẹyẹ á rí i.

Okété ní tiẹ̀, òun ló wá bá wa. Bàbá ní ká pa gbogbo iná, a jókòó sórí ìtí igi bí ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ pupa bo tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tàn án, ó ti wà nídìí ọ̀pẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹyìn ló kún ibẹ̀! Ó lápò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló ń kó oúnjẹ sí, á rù ú lọ sínú ihò kó má bàa dúró jẹun níta gbangba. Ìdajì ìrù ẹ̀ funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ojú ẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀, imú ló gbójú lé. Àbúrò mi wá sọ fún bàbá pé wọ́n ń kọ́ irú ẹ̀ ní Tanzania láti fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun, pé ó fúyẹ́ débi pé tó bá tẹ̀ ẹ́ kì í bú, ọ̀kan tó ń jẹ́ Magawa tiẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020 fún iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Ẹnu ya bàbá, wọ́n ní kó tún un sọ.

A ò rí akíka, bàbá ò sì fi tàn wá pé a máa rí i, mo fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n kàn na èékánná wọn síwájú, wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run fi dá èyí náà ló fi dá ìpẹ́ akíka. Kò léyín kankan, ahọ́n gígùn tó ń lẹ̀ ló fi ń kó èèrà àti ikán, bí ẹranko míì bá sì fẹ́ pa á jẹ, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Kíká yẹn ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn, kò gbà á lọ́wọ́ èèyàn, torí ńṣe lèèyàn á kàn gbé e sápò. Ọkùnrin kan láàárín wa sì tún ń béèrè ibi tá a ti lè ra ẹran ìgbẹ́ tá a bá ń lọ, inú bí mi gan-an ni.

Òfàfà ló gbé mi débẹ̀ ní tèmi. A ò fojú kàn án, aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀ ká tó gbọ́ ọ lókè igi, ó ń gbó, á dákẹ́, òmíràn á dá a lóhùn láti inú igbó ọba. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú pinpin. Ẹranko tí kò ju ehoro ńlá lọ, ìbátan erin ni! Kò ní èékánná mímú bíi ti ológbò, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ló rọ̀ bíi rọ́bà, tó sì máa ń lóòógùn, ìyẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ ara igi tó bá ń gùn ún. Ní 2021 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé èyí tó ń gbé láàárín odò Volta ní Gánà àti odò Ọya tiwa yìí, irú tiẹ̀ dá yàtọ̀, ohùn ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀, pé tiwa ń gbó, ti òdìkejì odò ń han gooro. Àárín yẹn ni gbogbo Èkìtì wà. Inú ihò igi ńlá ló ń sùn lọ́sàn-án, igi bẹ́ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ mọ́ lóko bàbá, àwọn onígẹdú ti wá bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò tà á. Owó tá à ń san yìí wà lára ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n tà á.

Mo ti sọ fún bàbá pé à ń padà bọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwa mẹ́rin péré. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ mú bọ́ọ̀tù tiyín dání, ẹ bá ọlọ́kadà tó máa gbé yín padà ṣàdéhùn ṣáájú torí òru lẹ máa jáde, ẹ sì pa iná fóònù láti ẹnu ọ̀nà oko.