Kọ́ìnì fàdákà mẹ́ta tí mo rà, ọ̀kan ló dé láìlábùkù, ẹ wá wo ojú òun náà báyìí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, mo kàn ń sún un síwájú ni torí inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní dárúkọ ilé tó rọ àwọn kọ́ìnì yìí, mi ò fẹ́ wàhálà, àmọ́ ilé ńlá ni o, òkè òkun ni wọ́n wà, kì í ṣe àwọn oníjìbìtì kan.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ṣábọ̀, Ìkòròdú níbí. Bàbá mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ kọ́ìnì. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, pẹ́nì 1959 onihò wà nínú rẹ̀, àwọn kọ́bọ̀ 1973 náà wà níbẹ̀, ìyẹn ọdún tí a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Kọ́bọ̀ 5 kan wà nínú wọn tó ń dán bíi jígí, kòkó tó wà lára rẹ̀ wá funfun bí ẹni pé wọ́n bu àtíkè lé e. Proof ni, mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo wá fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún kárakára. Bàbá mi ò nà mí o. Wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ní "O ti pa á." Ọdún pọ̀ lórí ẹ̀ kí n tó mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Owó onírin tí a ń ná, ẹ̀rọ lè tẹ̀ ju 700 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì dà á sínú àpò bí ẹni ń da ẹ̀wà. Proof ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dán òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ títí á fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n á dán fàdákà pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ náà, ó kéré tán wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń gbé e á wọ ìbọ̀wọ́, ló bá di pé ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi jígí, àwòrán tó wà lórí ẹ̀ á wá rí bíi yìnyín. Ojú yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún o! Torí kọ́ìnì tí kì í ṣe proof wà tó ní áúnsì fàdákà kan náà, gíráàmù 31.1, owó ẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ojú bá ti bàjẹ́, aṣọ àrán tí eku ti jẹ lẹ rà yẹn.

Mo ra mẹ́ta, páùn 94 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 24 ni wọ́n lò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí n wá gbà á ní Ìkẹjà, mo gba Mile 12 lọ, gosiló yẹn ò ṣe é fẹnu sọ, mo san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, mo gbé pásẹ́ẹ̀lì mi lé itan bí ọmọ jòjòló títí mo fi padà dé Ṣábọ̀.

Mo tan iná tí mo fi ń ṣe bọ́ọ̀dù fóònù, mo ṣí i. Àpótí pákó dúdú, fóòmù inú ẹ̀ rọ̀, ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀ tòun ti nọ́ńbà. Wọ́n ṣe àpótí o, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Mo ní máíkírósíkóòpù ní ṣọ́ọ̀bù àmọ́ mi ò fi wò ó, kò dáa kí n fi nǹkan tó ń sọ èèrà di màálù dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Gíláàsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 5 ni mo mú, òun náà ni NGC, àwọn tó ń fún kọ́ìnì ní máàkì ní Amẹ́ríkà, sọ pé àwọn fi ń díwọ̀n kọ́ìnì tó bá máa gba 70, máàkì tó ga jù.

Àkọ́kọ́. Mo rí òwú kan lára ilẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kìnnìún tí wọ́n yà sára ẹ̀. Mo ní ó dáa, òwú ti kó sínú ike tó bò ó. Mo gbọn ike, òwú ò mira. Mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, kò kúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe òwú! Àpá òwú ni. Fọ́nrán òwú kan ló ti wà láàárín òǹtẹ̀ àti fàdákà lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, òwú ti lọ, kòtò ẹ̀ ló kù síbẹ̀, kò sì sí nǹkan tí ẹ lè ṣe sí i láé.

Ìkejì wá ni ti ẹlẹ́yà. Àtàǹpàkò odindi kan wà létí ẹ̀, gbogbo ìlà ọwọ́ ẹ̀ ló hàn, ẹ lè fi forúkọ sílẹ̀ fún NIN. Mo kọ́kọ́ rò pé ara ike ni, mo nu ike títí, kò lọ. Inú ni. Òróró ọwọ́ sì nìyí o, tó bá pẹ́ lára fàdákà, á jẹ wọ ara ẹ̀ ni. Àwọn tó ní ká wọ ìbọ̀wọ́ ló fi ọwọ́ lásán mú un.

Ìkẹta dáa. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo gbé e sórí síkéèlì Alájì tó ń ta góòlù nítòsí wa, ó pé. Irun orí kìnnìún yẹn, ẹ lè kà á ní fọ́nrán fọ́nrán. Tí gbogbo wọn bá rí báyẹn ni, oríkì ni mi ò bá máa kì níbí.

Mo kọ̀wé sí kọ́sítómà kíà wọn, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Wọ́n ní kí n fi fótò ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ti òwú yẹn ò kọjá nǹkan tí àwọn fàyè gbà. Ti àtàǹpàkò, wọ́n ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo ṣí ike? Ike tó le koránkorán yẹn! Mo ya fídíò fún wọn. Wọ́n tún wá sọ pé ọjọ́ 14 ni wọ́n fún èèyàn láti dá ọjà padà, àti pé ọjọ́ tí àwọn fi í ránṣẹ́ ni àwọn ti ń kà á. Ọjà tó lo ọjọ́ 24 lọ́nà! Ìgbà tí kọ́ìnì wà nínú báàlù ni ọjọ́ mi ti pé. Nígbà tó yá wọ́n ní ó dáa, kí n dá ẹyọ kan tó ní àtàǹpàkò yẹn padà, àmọ́ èmi ni máa san owó ìfiránṣẹ́ tòun ti ìṣúránsì. Mo ṣírò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó kọ́ìnì. Bí kì í bá ṣe ọkọ àǹtí mi tó wà lọ́hùn-ún tó bá mi gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń rìnrìn àjò ni, ó parí nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, imú kìnnìún ń dán níbi tó yẹ kó funfun. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí.

Ìkẹta tó dáa yẹn ńkọ́? Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni àmì funfun kan yọ lójú ẹ̀, bí ẹni pé mílíìkì ta sí i. Mo kọ̀wé, wọ́n ní ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ibi tí mo ń gbé. Lóòótọ́ Ìkòròdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, lóòótọ́ jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ní Ṣábọ̀ ju èèyàn lọ, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún fàdákà, ṣe ló máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ táá wá dúdú, kì í ta bí omi ara ìgbín. Nǹkan tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sọ ni pé oògùn tí wọ́n fi fọ fàdákà ṣáájú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni wọn ò ṣan kúrò dáadáa. Kì í ṣe àwọn nìkan ló sì ń ṣe, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ àwọn ilé ńlá yìí, ní 2018 Royal Canadian Mint gan-an, ilé tó ń rọ kọ́ìnì ní Kánádà, gbé MintShield jáde, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín àmì yìí kù, torí àmì funfun lára kọ́ìnì fàdákà Maple Leaf wọn. Ẹ wá ń sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ Ìkòròdú ni?

Alájì ní, "Ẹ̀ńjíníà, gbé e wá kí n bá ẹ fi oògùn fọ̀ ọ́, á dán." Mo ní ẹ ṣé sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ni mo rántí.

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún wọn nínú márùn-ún, ọ̀kan fún àpótí, ọ̀kan fún irun kìnnìún. Ọkùnrin kan ni mo ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, á gbé kọ́ìnì sábẹ́ iná, á rọra máa yí i nínú fídíò kí n tó sanwó, tí etí ẹ̀ bá ti gbá díẹ̀ á sọ fún mi kí n tó bèèrè. Ó ń gba owó díẹ̀ lé e. Mò ń san án.

Mo tún wo ìkẹta láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí. Àmì funfun ẹ̀ ti di mẹ́fà.