Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rìnlá ni bàbá mi kà, méjìlá ni pátákó wọn kọ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè yìí. Èmi àti bàbá mi la jọ lọ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi nìkan ni mo dá lọ, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti tún pátákó kan ṣe. Pátákó yẹn ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná orí rélùwéè, kí wọ́n tó wá di awakọ̀. Etí wọn ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rélùwéè ṣeré rárá. Ẹni tó bá sọ ọ́ bí kò ṣe rí, wọ́n á tún un sọ fún un, ì báà jẹ́ ààrẹ.

Láti ẹnu ọ̀nà ni nǹkan ò ti lọ déédéé. Pátákó àkọ́kọ́ ní George Stephenson ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ẹ̀rọ tó ń fi oru omi rìn lójú irin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Richard Trevithick ló ṣáájú: ní ọdún 1804, ẹ̀rọ tirẹ̀ fa ẹrù lójú irin ní Penydarren, ní ilẹ̀ Wales. Rocket, orí rélùwéè tí gbogbo ayé mọ̀, kò dé títí di 1829, nígbà tó borí nínú ìdíje àwọn orí rélùwéè ní Rainhill, Robert ọmọ George ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Páìpù bàbà 25 ni wọ́n gbà kọjá nínú bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn àgbá irin tí omi ti ń hó di oru, kí ooru iná lè kan omi níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó gbé e lékè nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ lára pátákó. A kà á, a kọjá.

Inú gbọ̀ngàn dára, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Orí ọkọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọn ò sì fi ọ̀dà bo ọjọ́ orí wọn mọ́lẹ̀. O ṣì máa rí gíríìsì tó ti gbẹ mọ́ ara irin. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà kan ṣí kí ènìyàn lè rí àwọn páìpù inú rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ kò sí ìjókòó kankan fún àgbàlagbà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì ń lu fèrè ọkọ̀ tó ń fi dísù rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ olóru. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Èwo tún nìyí?"

Ibi tí èyí tó tóbi jù wà ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Pátákó rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé 2-8-2 ni. Bí wọ́n ṣe ń ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn, láti ìgbà tí Frederick Whyte ti gbé ọ̀nà náà kalẹ̀: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ tó ń fà á láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Bàbá mi wo pátákó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Mẹ́rin ló wà níwájú eléyìí. 4-8-2 ni."

Òṣìṣẹ́ kan dúró nítòsí, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, tó mú ìwé kékeré kan dání. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí." Ó fèsì pé, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ la máa ń sọ fún àlejò." Bàbá mi na ọwọ́ kọjá okùn láti fi ẹsẹ̀ iwájú hàn án. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ kan pariwo látẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá! Ẹ mú ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ẹ̀ṣọ́ náà fẹsẹ̀ kíkankíkan wá bá wa, ó ní, "Ṣé ẹ ò rí okùn ni?" Ọmọ ọmọ bàbá mi lè jù ú lọ. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti da èédú sínú irú ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó bí i. Ó ní bí a ò bá lè tẹ̀lé òfin, òun máa sìn wá jáde. Bàbá mi fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi sínú àpò agbádá. Wọ́n ní, "Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ." Ọwọ́ tó wọ àpò yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọmọbìnrin yẹn ni kò jẹ́ ká lọ. Ó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mọ́kànlá ló kọ́kọ́ kà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi ní, "Má ka ti ẹ̀yìn, ọmọ mi. Ìyẹn ló ń ru omi àti èédú, kò sí nínú rẹ̀." Ó tún un kà. Méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀, 2-8-2 kò lè ju méjìlá lọ. Ìgbà yẹn la tó rí ohun tó fa àṣìṣe náà. Òpó pátákó fúnra rẹ̀ ni wọ́n rì síwájú ẹsẹ̀ kékeré kejì. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn okùn kò lè rí i láé.

Ó dìde, eruku ti bo orúnkún rẹ̀ méjèèjì. "Méje ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Ẹ má bínú sí wa." Ó sáré lọ gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ẹnu àkàsọ̀ yàrá awakọ̀ fún wa.

Bàbá mi gùn ún díẹ̀díẹ̀, ọmọbìnrin náà ń ti ẹ̀yìn wọn. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọn ò wo ilé iná. Gíláàsì méjì tó ń fi ìwọ̀n omi hàn ni wọ́n wò. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò nìyẹn, torí bí omi bá lọ sílẹ̀ ju òrùlé ilé iná lọ, òjé tó wà níbẹ̀ á yọ́, oru á já sínú iná láti kìlọ̀ fún yín. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń fi oru bọ́ílà fúnra rẹ̀ ti omi padà sínú bọ́ílà. Henri Giffard ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1858, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ni bàbá mi mọ̀ ọ́n mọ́. Bó bá ti mú omi dáadáa, ó máa ń kọrin, wọ́n sì fi ẹnu kọ ọ́ fún wa: ohùn tín-ín-rín kan tó ń lọ láìdá. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí láti kékeré mi.

Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yẹn ti dúró sẹ́sẹ̀ àkàsọ̀. Ó béèrè bí ẹni tó ń da èédú ṣe ń mọ̀ pé iná dára. Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Wo èéfín. Bó bá dúdú kìjikìji, èédú ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò tó." Ó dúró gbọ́ títí. Kò tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo padà lọ. Wọ́n ti sún òpó náà díẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ti hàn kedere. Ṣùgbọ́n 2-8-2 ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀, Stephenson ṣì ni ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà fi lẹ́tà tó kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ hàn mí, pẹ̀lú àlàyé bàbá mi nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ gbogbo pátákó. Ní báyìí, ṣe ló máa ń ní kí àwọn ọmọdé ka ẹsẹ̀ náà fúnra wọn.

Ẹ lọ. Ẹ mú àwọn àgbà yín lọ, kí ẹ sì béèrè òṣìṣẹ́ aláṣọ ewé. N kò tíì rí ọjọ́ tó dùn mọ́ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ 4-8-2 síbẹ̀, màá fi mẹ́ta yòókù kún un.